Ta ni Giuseppe Cottolengo, àlùfáà tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí Turin tì síta?

Ní àríwá Ítálì, ọ̀rọ̀ èébú kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí wọ́n bí síbẹ̀ lè ti gbọ́ nílé ẹ̀kọ́ tàbí ní pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ní Cottolengo ló yẹ ẹnì kan, ìyẹn ni pé orí onítọ̀hún kò pé tàbí ara rẹ̀ kò dá. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Àlùfáà Kátólíìkì lẹni náà, àwọn tí wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ bú lónìí gan-an ló ta ohun ìní rẹ̀ nítorí wọn.

Giuseppe Benedetto Cottolengo ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Láàárín ọdún 1827 sí ọdún 1842 ló ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n ní ìlú Turin. Ilé tó dá sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, kò jìnnà sí ọjà Porta Palazzo, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń gbé ìlú náà ti máa ń ra ohun ọbẹ̀.

Ọmọ tó ń fi ọ̀pá wọn yàrá

Ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 1786 ni wọ́n bí i ní ìlú Bra, ní gúúsù Turin, ní agbègbè Piemonte. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ 12. Mẹ́fà nínú wọn kú ní kékeré, nítorí náà, láti ìgbà èwe ló ti mọ ohun tí àìsàn àti ọ̀fọ̀ ń ṣe nínú ilé.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ pé nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ ká a mọ́ inú yàrá níbi tó ti ń fi ọ̀pá wọn ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Nígbà tí ìyá béèrè ohun tó ń ṣe, ó ní òun fẹ́ mọ iye bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tí yàrá náà lè gbà.

Ìgbà tí ogun ń da ilẹ̀ Yúróòpù rú ló dàgbà. Àwọn ọmọ ogun Faransé gba Piemonte, ìjọba wọn sì ń fojú líle wo Ìjọ. Ní bòńkẹ́lẹ́ ni Cottolengo fi kọ́ apá kan nínú ẹ̀kọ́ àlùfáà rẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1811, wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ó jẹ́ ẹni ọdún 25. Lára ibi tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni Corneliano d'Alba, ìletò àwọn àgbẹ̀. Aago mẹ́ta òru ló máa ń ṣe Mísà níbẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ lè jọ́sìn kí wọ́n tó forí lé oko.

Ó padà sí ẹnu ìwé, ó sì gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ẹ̀sìn ní Turin lọ́dún 1816. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó di ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ìjọ Corpus Domini ní àárín gbùngbùn ìlú. Ipò tó níyì ni, owó sì ń wọlé. Ó ń wàásù, ó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń ṣe àánú fún àwọn tálákà. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dà bíi pé ohun kan wà tó yẹ kó ṣe tí kò tíì rí. Ó ń ka ìtàn ìgbésí ayé Vincent de Paul, àlùfáà Faransé tó lo ayé rẹ̀ fún àwọn aláìní, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò lè fi ọ̀nà hàn án. Ó pé ẹni ọdún 41 kí ọ̀nà náà tó là.

Obìnrin tó kú láàárín ilẹ̀kùn méjì

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1827, wọ́n wá ké sí i pé obìnrin kan ń kú lọ. Giovanna Maria Gonnet ni orúkọ obìnrin náà, ará ilẹ̀ Faransé sì ni. Òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń ti Milan bọ̀, wọ́n ń lọ sí Lyon. Turin kàn jẹ́ ìlú tí wọ́n ń gbà kọjá ni. Oyún wà nínú rẹ̀, àìsàn líle sì kọ lù ú lọ́nà.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Wọ́n ní àwọn kì í gba aláboyún. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ẹni tí ibà ń ṣe, kó má baà kó àìsàn ran àwọn abiyamọ tó wà níbẹ̀. Níkẹyìn, ibi tí àwọn aláìnílé ń sùn sí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ibẹ̀ ni Cottolengo bá a. Ó fi òróró yàn án gẹ́gẹ́ bí ìṣe Ìjọ, ó gbàdúrà sí i lórí, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Obìnrin náà kú lójú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, oyún inú rẹ̀ náà kò sì yè.

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sẹ́ni tó rú òfin lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn kìíní tẹ̀ lé ìlànà tirẹ̀, ìkejì tẹ̀ lé tirẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí kálukú sùn wọra lálẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ àlejò kan bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín ìlànà méjèèjì, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti tẹ̀ lé ìyá tàbí bàbá lọ sí ọ́fíìsì láti bá wọn túmọ̀ èdè, tí fèrèsé kan darí wa sí òmíràn, tí òmíràn ní ká padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ti dúró lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ojú ọkọ obìnrin yẹn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí tiwa.

Cottolengo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n lu agogo, kí wọ́n sì tan àbẹ́là níwájú pẹpẹ Màríà. Àwọn èèyàn rọ́ wá láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti yí padà, bí ẹni tí wọ́n gbẹ́rù kúrò lórí rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ tó ń wá.

Yàrá àyágbé, bẹ́ẹ̀dì mélòó kan

Kò kọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kò sì dúró de ẹni tó máa fún un lówó. Ó ta ohun ìní rẹ̀, títí kan aṣọ òtútù tó ń wọ̀, ó sì fi owó náà háyà yàrá mélòó kan nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Volta Rossa, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Corpus Domini. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 1828, ó gba aláìsàn àkọ́kọ́, ìyá àgbàlagbà kan tí àrùn ẹ̀gbà ti sọ di ẹni tí kò lè rìn. Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ péré ló wà láàárín ikú obìnrin ará Faransé yẹn àti ọjọ́ tí ìyá yìí rí ibùsùn.

Òfin ilé náà kò gùn: ẹni tí ilé ìwòsàn tó kù bá kọ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí àwọn èèyàn ṣe rí ohun tó ń ṣe, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ọn. Dókítà Lorenzo Granetti wá ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Opó kan, Marianna Nasi, wá di olórí àwọn obìnrin tó ń bójú tó wọn, láti ara àwọn obìnrin yìí sì ni ẹgbẹ́ àwọn Sístà Cottolengo ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1831, àrùn onígbáméjì ń jà káàkiri Yúróòpù. Ẹ̀rù ba ìjọba pé bí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú, yóò tàn bí iná ọyẹ́. Wọ́n ní kí Cottolengo ti ilé náà pa. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yọ̀. Cottolengo kò bá wọn jà. Ó jẹ́ ọmọ Bra, ìlú àwọn tó ń gbin ewébẹ̀, ó sì fi kábéèjì dá wọn lóhùn: ó ní bí wọn kò bá tu kábéèjì lọ síbòmíràn, kì í tóbi.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1832, ó kó lọ sí Valdocco, tó jẹ́ ẹ̀yìn odi ìlú nígbà náà, àdúgbò àwọn tálákà àti ilé ọtí. Ẹrù tó kó lọ kò pọ̀: kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, aláìsàn kan lórí rẹ̀, àti Sístà méjì. Ó pe ibẹ̀ ní Ilé Kékeré ti Ìpèsè Ọlọ́run. Nígbà tí ilé náà di ńlá, kò yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé lójú tirẹ̀, gbogbo ayé ni ilé ńlá tí Ọlọ́run ń bọ́, kékeré ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Yàrá mélòó kan ni wọ́n tì pa láàárín ìlú, odindi àdúgbò ló hù ní Valdocco.

Ilé tí kì í ka owó

Bí ó ṣe ń bójú tó owó ni ó ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Kò gbà kí ilé náà ní owó kan pàtó tí yóò máa wọlé déédéé lọ́dọọdún. Kò fẹ́ kí wọ́n máa ṣírò ohun tó wọlé, kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń ta wọ́n lọ́rẹ sílẹ̀. Àdúrà ni kí wọ́n máa gbà fún wọn. Bí owó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, kí wọ́n fi ṣe àánú. Tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ bá wá sọ fún un pé oúnjẹ ti ń tán lọ, ó lè béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo, kí ó sì ní kí wọ́n wá ẹni tí yóò sùn sórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ló ni ilé, Ọlọ́run kò sì lè gbàgbé ilé ara rẹ̀. Bí ìpèsè bá dín kù, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé ni kí ẹ yẹ ara yín wò, bóyá ẹ ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan.

Èyí kò sọ pé kò sí ìdààmú. Gbèsè wà. Àwọn tó ń kó ọjà fún un máa ń wá béèrè owó wọn, àwọn kan a sì máa halẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á kó àwọn ọmọ inú ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti gbàdúrà. Ó ṣètò pé kí àwọn èèyàn máa gbàdúrà ní ìpín-ìpín láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹgbẹ́ kan yóò jáde kí òmíràn tó wọlé. Lójú rẹ̀, ẹni tó wà lórí eékún ń ṣiṣẹ́ fún ilé náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń se ọbẹ̀.

Àwọn tó gbọ́n nídìí ètò owó kò fara mọ́ ọn, a kò sì lè bá wọn wí. Ọba Carlo Alberto fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, ọdún 1833, kí òfin lè mọ ilé náà. Ṣùgbọ́n òun pàápàá béèrè ẹni tí yóò máa darí ilé náà bí Cottolengo bá kú. Ìtàn náà sọ pé fèrèsé ààfin ni wọ́n dúró sí. Cottolengo nawọ́ sí ìta, níbi tí ẹ̀ṣọ́ kan ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Ó ṣàlàyé fún ọba pé gẹ́gẹ́ bí ọba ṣe ń pa àṣẹ tí ṣọ́jà kan lọ tí òmíràn sì dé, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò ṣe fi ẹlòmíràn rọ́pò òun, iṣẹ́ kò sì ní dúró.

Àwọn tó pè ní ọmọ rere

Ìdílé-ìdílé ni Cottolengo pín ilé náà sí. Àwọn adití wà níbì kan, àwọn afọ́jú wà níbì kan, àwọn tí wárápá ń ṣe, àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ aláìníyàá pẹ̀lú. Ìdílé ló pè wọ́n, kò pè wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú, torí pé ó fẹ́ kí kálukú ní àwọn èèyàn tirẹ̀ kó sì ní iṣẹ́ tó lè ṣe.

Àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pérépéré wà lára wọn. Nígbà yẹn, àwọn mìíràn máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú, àwọn ará àdúgbò a sì máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. Cottolengo pè wọ́n ní ọmọ rere. Ó máa ń bá wọn ṣeré, ó sì kà wọ́n sí ọrọ̀ ilé náà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìdílé Yorùbá mọ̀ pé a ní ọ̀rọ̀ líle tiwa fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, a sì mọ àwọn ilé tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò rí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gẹ́gẹ́ bó ṣe kan àwọn ará Ítálì.

Nígbà kan, ó pàdé àlùfáà ọ̀dọ́ kan tó wá wo ilé náà. Ó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, ó ní aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ jù, kó lọ wá èyí tó ki, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò máa dì mọ́ ọn. Giovanni Bosco ni àlùfáà náà. Valdocco kan náà ni òun pẹ̀lú wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin tí kò ní alábòójútó, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó lónìí.

Ìparí ayé rẹ̀

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1842, ibà tó ń ràn mú Cottolengo. Ó ti rẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ó fa ilé náà lé àlùfáà Luigi Anglesio lọ́wọ́, ó sì lọ sí ilé àbúrò rẹ̀ tóun náà jẹ́ àlùfáà ní ìlú Chieri, nítòsí Turin. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó pé ẹni ọdún 56. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Turin, wọ́n sì sin ín sínú Ilé Kékeré náà.

Bí ó ṣe sọ fún ọba ló rí. Ẹ̀ṣọ́ kan lọ, òmíràn dé. Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún pè é ní Alábùkún lọ́dún 1917, Póòpù Pius Kọkànlá sì kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹta, ọdún 1934. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣì ń gba aláìsàn ní Turin. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀ ti dé Íńdíà, wọ́n sì wà ní Kẹ́ńyà, níbi tí ilé ìwòsàn wọn wà ní Chaaria.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣàìmọ ọ̀rọ̀ ìpèsè. Ó wà nínú orúkọ wa: ẹnì kan ń jẹ́ Olúwapèsè nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Ó wà nínú orin àti ẹ̀rí tí àwọn òbí wa ń jẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi nípa ìwé ìgbélùú tó jáde tàbí iṣẹ́ tó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti dàgbà sínú ìwàásù tó ní kí á fúnni kí ó lè padà sápò wa ní ìlọ́po. Ìgbésí ayé Cottolengo kò lọ báyẹn. Ohun tó ń wọlé pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀dì àti oògùn ẹlòmíràn ni gbogbo rẹ̀ ń dà.

Kò sì sọ pé kí gbogbo èèyàn ju ìwé ìṣirò owó nù. Ẹni tó ní ọmọ láti bọ́ àti owó ilé láti san gbọ́dọ̀ mọ iye tó ń wọlé. Ohun tí a lè mú lára rẹ̀ ni bí ó ṣe to nǹkan tẹ̀ léra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé tí Ọlọ́run bá ti ṣe tiwa, a ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Cottolengo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta, lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Ọlọ́run fún oúnjẹ. Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run àti fífúnni jẹ́ ohun kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá fà sẹ́yìn nínú ọ̀kan, kò lè sọ pé òun ní èkejì.

Àlejò tó bọ́ sí àárín ilẹ̀kùn méjì kò tíì tán ní Turin, ní Padua tàbí ní Verona. Ó lè jẹ́ ọmọ kíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò gbọ́ èdè, tàbí ìyá àgbà tí kò mọ fèrèsé tó yẹ kó lọ, tàbí ọmọ tí gbogbo pápá ń pè ní Cottolengo. Kò pọn dandan kí ẹ ta aṣọ òtútù yín. Ẹ lè bá ẹnì kan ka lẹ́tà tí kò yé e. Ẹ lè jókòó ti ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì. Nígbà míì tí ẹ bá sì gbọ́ orúkọ yẹn gẹ́gẹ́ bí èébú, ẹ sọ fún ẹni tó sọ ọ́ pé orúkọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn ni.